Ẹṣin Tí A Múra Sílẹ̀ àti Ẹṣin Tí A Kò Múra Sílẹ̀

Kútúbà Jímọ̀

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ènìyàn ní aláìlágbára, tí Ó sì fún un ní làákàyè tí yóò fi mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá aṣíwájú wa, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo ń sọ àsọọ́lẹ̀ fún ara mi àti fún ẹ̀yin pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ kan nínú mọ́sálásí wa yìí wá bá wa pé kí á ṣe àdúà fún àwọn. Wọ́n fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ìbàdàn níhìn-ín lọ sí Ìlọrin ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ìròyìn ìrìn-àjò náà lè mú kí àwọn ènìyàn dá owó tí a ó fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ilé-kéú àwọn ọmọ wa. Àníyàn wọn mọ́, a sì yìn wọ́n. A wá bi wọ́n léèrè pé irú ìmúra wo ni wọ́n ti ṣe. Méjì nínú wọn ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Àwọn yòókù ní láti kékeré ni àwọn ti mọ̀ ọ́n gùn. A tún bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni ó jìn jù tí wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́ dé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Wọ́n wo ojú ara wọn. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, “Àfáà, a ti gbára lé Ọlọ́hun.”

Ìdáhùn yìí ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ẹ̀rín gbà, nítorí ọmọ tí ó sọ ọ́ kò ṣe àwàdà, ohun tí ó sì sọ wà nínú òpó ìgbàgbọ́ wa. Kò sí Mùsùlùmí tí yóò sọ pé kí ènìyàn má gbára lé Ọlọ́hun. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé, bí ènìyàn bá dáwọ́ lé ohun tí ara rẹ̀ kò tíì ká, tí ó sì pe orúkọ Ọlọ́hun lé e lórí, ṣé ìgbàgbọ́ ni ó ń lò ni, àbí ó ń fi orúkọ Ọlọ́hun bo iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà náà ti rí. Láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, bí a bá gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ó lé ní 150 kìlómítà. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ kì í mọ̀ ọ́n lára. Ó lè sùn ní Mọ́níyà kí ó jí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fi kẹ̀kẹ́ rin ọ̀nà jíjìn rí, bí ó bá fi lè rin kìlómítà 15 ní wákàtí kan lórí ọ̀nà tí ó ní òkè, ó gbìyànjú. Wákàtí mẹ́wàá nìyẹn lórí ìjókòó kékeré tí kò gba ìdí ọmọdé, a kò sì tíì ka ìgbà tí wọ́n bá dúró mu omi, tí wọ́n bá dúró kírun, tàbí tí táyà bá jò. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbéra lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, àárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni oòrùn ọ̀sán gangan yóò ti bá wọn, pẹ̀lú àwọn tírélà tí ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá wọn.

Ara ènìyàn náà sì ní òfin tí Ọlọ́hun fi lélẹ̀ fún un. Nínú oúnjẹ tí à ń jẹ, ara a máa fi díẹ̀ pamọ́ sínú ẹran ara àti sínú ẹ̀dọ̀ de ìgbà iṣẹ́ agbára. Ìpamọ́ yìí kò pọ̀. Bí ènìyàn bá ń lo agbára gidi tí kò sì fi oúnjẹ kún un, nǹkan bíi wákàtí méjì lè mú un tán. Nígbà tí ó bá tán, ọ̀rọ̀ náà kọjá àárẹ̀ lásán: ẹsẹ̀ á kọ̀, ojú á máa ṣú, làákàyè á máa dàrú, bẹ́ẹ̀ sì ni àárín títì ni ènìyàn ṣì wà. Omi àti iyọ̀ ara ń bá òógùn lọ. Iṣan tí a mú ṣe iṣẹ́ tí kò ṣe rí lè bàjẹ́ débi pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí yóò sì ṣe kíndìnrín ní jàǹbá. Àwọn dókítà mọ àmì rẹ̀, ìtọ̀ a máa dúdú bí omi àgbo. Ohun kan sì tún wà tí ó máa ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró a máa tètè mọ́ iṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ènìyàn kò ní í mí hẹlẹhẹlẹ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn okùn iṣan tí ó de orúnkún àti gìgísẹ̀ máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbó. Ìdí nìyí tí ẹni tí èémí rẹ̀ ti já geere fi lè rò pé òun ti tó tán, tí orúnkún yóò sì dá a dúró lójú ọ̀nà. Oògùn rẹ̀ kò ju pé kí á máa fi díẹ̀ kún díẹ̀, kí á máa sinmi, kí á tún fi díẹ̀ kún un.

Ẹnìkan lè máa sọ nínú ara rẹ̀ pé ṣé kútúbà ni mo ń gbọ́ yìí, àbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwòsàn. Kútúbà ni. Ọba tí Ó ṣe òfin ìrun ni Ó ṣe òfin orúnkún, ẹni tí ó bá sì gbára lé E kò lè máa hùwà bí ẹni pé ọ̀kan nínú òfin méjèèjì kò ti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ wá.

Hádíìsì ràkúnmí, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n, èyí tí Tirmidhi gbà wá nípa ọkùnrin tí ó bi Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bóyá kí òun so ẹran òun mọ́lẹ̀ ni tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, tí Ànábì sì ní kí ó ṣe méjèèjì pọ̀. A ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ta wá létí mọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú òmíràn wá tí a kì í sábà kà.

Bukhari gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas pé àwọn ará Yẹ́mẹ̀n máa ń wá ṣe Háájì láìmú oúnjẹ ọ̀nà lọ́wọ́. Wọ́n a máa sọ pé àwọn ni olùgbáralé Ọlọ́hun. Nígbà tí wọ́n bá dé Mẹ́kà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ní tìtorí èyí ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun fi sọ̀kalẹ̀ nínú Súrà Bákárà, tí Ó pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n máa mú èsè ìrìn-àjò dání, tí Ó sì fi yé wọn pé ìbẹ̀rù Òun ni èsè tí ó dára jù. Ẹ kíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kúrò nílé, Ọlọ́hun ni wọ́n ní àwọn gbára lé. Nígbà tí ebi dé, ènìyàn ni wọ́n gbára lé. Àwọn ará Mẹ́kà tí wọn kò bá wọn dá sí ìmọ̀ràn náà ni wọ́n san gbèsè rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi ìparí àṣẹ náà pa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rẹ́, tí wọn yóò ní bí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun bá ti ni èsè tí ó dára jù, kí ni a tún ń fi gàrí àti omi ṣe? Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kò mú ọ̀kan kí Ó fi ju èkejì nù. Oúnjẹ ni Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n dì, fún àwọn tí wọ́n ní ìbẹ̀rù Rẹ̀ ni wọ́n fi kọ̀ láti dì í.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́ wa wí pé àwọn ti gbára lé Ọlọ́hun, ohun tí ó yẹ kí á bi í ni pé, bí ẹsẹ̀ bá kọ̀ lẹ́yìn Ọ̀yọ́, ta ni ẹ ó pè? Awakọ̀ kan tí ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni yóò dúró. Bàbá kan níhìn-ín ni yóò fi ọjà sílẹ̀ láti wá gbé ọmọ rẹ̀. Ìyá kan ni yóò ta aṣọ láti san owó ilé ìwòsàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ara wọn ká a ni yóò dúró tì í nínú oòrùn. Owó kànga tí a ń wá lè jẹ́ òun náà ni a ó fi tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò múra sílẹ̀ fún ọ̀nà ti pín ẹrù rẹ̀ fún àwọn tí kò bi léèrè.

Èyí ni ó mú mi rántí bàbá àgbàlagbà kan tí Ànábì rí lójú ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí Anas ti sọ ọ́ nínú Bukhari. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì gbé e sáàárín, wọ́n ń mú un rìn. Ànábì béèrè ohun tí ó ṣe é. Wọ́n ní ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé Ọlọ́hun ni. Ànábì sọ pé Ọlọ́hun kò ní bùkátà sí pé kí ọkùnrin yìí máa fìyà jẹ ara rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí ó gun ẹran. Arábìnrin Uqbah ọmọ Amir náà jẹ́jẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdáhùn tí wọ́n sì fún un ni pé kí ó rìn, kí ó sì gùn. Kò sí àníyàn tí ó ga ju ti bàbá yẹn lọ. Ilé Ọlọ́hun ni ó ń lọ, ẹ̀jẹ́ sì ni ó jẹ́ fún Ọlọ́hun. Síbẹ̀, Ànábì kò sọ pé níwọ̀n ìgbà tí àníyàn rẹ̀ ti dára, kí ẹ máa gbé e lọ. Ó wo ara bàbá náà, ó wo àwọn ọmọ méjì tí ọrùn wọn wà lábẹ́ ẹ̀jẹ́ tí àwọn kò jẹ́, ó sì yí ètò náà padà.

Bí mo bá dákẹ́ síbí, àwọn ọ̀dọ́ wa lè rò pé ohun tí ẹ̀sìn wí fún wọn ni pé kí wọ́n jókòó sílé. Ẹ gbọ́ èyí tí ó kù, nítorí òun gan-an ni ó mú mi gun òkè mínbárì lónìí.

Abdullahi ọmọ Umar sọ ọ́, Bukhari àti Muslim sì gbà á wá, pé Ànábì ṣètò eré ẹṣin ní Mẹ́dínà. Irú ẹṣin méjì ni ó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn ẹṣin tí a ti múra sílẹ̀ fún eré. Bí àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ ẹṣin náà dáadáa títí yóò fi sanra, lẹ́yìn náà wọ́n á máa dín oúnjẹ rẹ̀ kù, wọ́n á mú un wọ ilé, wọ́n á fi aṣọ bò ó kí ó lè làágùn, bí òógùn náà bá sì gbẹ, ẹran ara rẹ̀ á le, èémí rẹ̀ á gùn. Èkejì ni àwọn ẹṣin tí a kò ṣe irú rẹ̀ fún. Ànábì mú kí àwọn tí a ti múra sílẹ̀ sáré láti Hafya títí dé Thaniyyatul-Wadā. Sufyan, tí ó wà lára àwọn tí ó gba hádíìsì náà wá, sọ pé máìlì márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ọ̀nà yẹn. Àwọn tí a kò múra sílẹ̀, Ànábì mú kí wọ́n sáré láti Thaniyyatul-Wadā dé mọ́sálásí àwọn ọmọ Zurayq. Máìlì kan ṣoṣo ni.

Ẹ̀yin ará mi, mo ti ka hádíìsì yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ó sì máa ń dá mi dúró níbẹ̀ ni máìlì kan yẹn. Ó rọrùn kí ènìyàn sọ pé ẹṣin tí kò tíì gbó, kí wọ́n so ó mọ́ ìso. Ó sì tún rọrùn kí ènìyàn sọ pé ẹṣin ni ẹṣin ń jẹ́, kí gbogbo wọn jọ sáré máìlì mẹ́fà, ẹni tí Ọlọ́hun bá fún ni yóò dé. Ànábì kò ṣe èyí, kò sì ṣe ìyẹn. Ó fún ẹṣin tí kò múra sílẹ̀ ní eré tirẹ̀, ó sì wọn ọ̀nà rẹ̀ fún un. Kò dójú tì í. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ibi tí eré àwọn ẹṣin tí ó ti gbó parí sí ni eré àwọn tí kò tíì gbó ti bẹ̀rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ilẹ̀ kan náà ni wọ́n fẹsẹ̀ kàn. Ẹ sì tún rò ó wò: ẹranko ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá lè ṣe àánú báyìí fún ẹsẹ̀ ẹṣin, kí ni a ó wí nípa ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn?

Ẹni tí ó ń darí eré ọjọ́ náà ni Ọlọ́hun fẹ́ràn jù nínú ẹ̀dá. Bí ìgbáralé Ọlọ́hun bá ń rọ́pò ìmúra, ẹṣin tirẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ yẹ kí ó sáré láìmúra.

Àwọn ọ̀dọ́ wa mẹ́nu ba ọmọkùnrin kan, Mamadou Safaiou Barry, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n mọ ìtàn rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Guinea ni, ẹni ọdún 25, ó ti gbéyàwó, ó sì ti bímọ kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó gun kẹ̀kẹ́ kúrò nílé, ó dorí kọ Yunifásítì Al-Azhar ní ilẹ̀ Íjíbítì láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn, nítorí pé kò ní owó ọkọ̀. Ó la Mali kọjá, ó la Burkina Faso, Togo, Benin àti Niger kọjá, títí tí ó fi dé Chad. Wọ́n mú un tì mọ́lé lọ́nà láìṣẹ̀. Ní Chad, akọ̀ròyìn kan gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn rere ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú fún un dé Kairo, Al-Azhar sì gbà á wọlé pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ìtàn náà wọ àwa àlùfáà lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ wa rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ṣáà ti gbéra yóò dé.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Nǹkan bíi 4,000 kìlómítà ni ó rìn ní oṣù mẹ́rin. Bí a bá pín in sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kò tó 35 kìlómítà lóòjọ́. Ọmọkùnrin tí ẹ fi ń ṣe àwòkọ́ṣe kò gbé 150 kìlómítà ka ara rẹ̀ láyà láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ó tó di alẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń lọ, ọ̀nà náà sì ń kọ́ ọ bí ó ti ń lọ. Ó tún wà níbẹ̀ pé kò ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yin rí ọkọ̀ wọ̀ lọ sí Ìlọrin ní Ọ̀jọ́ọ̀ lójoojúmọ́, ohun tí ènìyàn sì fi dandan ṣe kì í ṣe ọgbà pẹ̀lú ohun tí ó fínnúfíndọ̀ yàn. Nígbà tí wọ́n sì na ìwé ọkọ̀ òfuurufú sí i, ó gbà á. Kò sọ pé òun ti ní kẹ̀kẹ́ ni òun yóò gùn dé ibẹ̀, òun kò ní í sọ̀ kalẹ̀. Ìmọ̀ ni ó ń wá, kì í ṣe kẹ̀kẹ́.

Àwọn àgbà mú Ọlábísí Àjàlá wá nígbà tiwọn, ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1952, tí orúkọ rẹ̀ sì ti di orúkọ gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Òótọ́ ni. Yorùbá sì ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí ó wà níwájú nìkan ni ojú ń rí. Èyí tí ó ṣubú sínú igbó kò sí ní ojú ọ̀nà mọ́ tí a ó fi wò ó, kò sí akọ̀ròyìn tí yóò lọ bá a, a kò sì ní í fi orúkọ rẹ̀ pe ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá dé láìmúra, àánú Ọlọ́hun ni ó rí gbà, a ó sì dúpẹ́. Dídé rẹ̀ kò sọ gbígbéra rẹ̀ di ohun tí ó tọ́.

Àwọn baba wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ lọ sí Mẹ́kà kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé, wọ́n gba Borno, wọ́n gba Darfur, wọ́n sì dé etí Òkun Pupa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lo ọdún mélòó kan lójú ọ̀nà. Wọ́n dúró dáko, wọ́n dúró kọ́ ọmọ ní kéú, wọ́n dúró bímọ. Títí di òní, àrọ́mọdọ́mọ wọn wà ní ilẹ̀ Sudan. Ẹni tí ó bá ní ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ fún ọ̀nà lè gbéra láìní ohun púpọ̀. Ọjọ́ kan ni àwọn ọmọ tiwa fún ara wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn, pé bí ọjọ́ ènìyàn bá ti pé, bí ó wà lórí ibùsùn, yóò kú. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ó dé Sargh tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú, ó pe àwọn àgbà jọ, ó gbọ́ ìmọ̀ràn wọn, ó sì ní kí wọ́n pa dà. Abu Ubaydah bi í pé ṣé kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún ni. Umar dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó ní bí ènìyàn bá da ràkúnmí lọ sí àfonífojì tí apá kan rẹ̀ ní koríko tútù tí apá kejì sì gbẹ, ibi yòówù tí ó bá ti jẹ̀ wọ́n, kádàrá náà ni. Olórí gbogbo Mùsùlùmí ayé ìgbà náà ni ó yí padà lójú gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀. Nínú ohun gbogbo tí ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà jíjìn ní láti kọ́, ó dà bí ẹni pé èyí ni ó ṣòro jù fún ọ̀dọ́: kí ó dé Ọ̀yọ́, kí ó mọ̀ pé ara òun ti pin, kí ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa náà sì ní ẹjọ́ níbẹ̀, nítorí àwa ni a máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà.

Mo sì rí àwọn àgbà kan tí wọ́n ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé àwọn ọmọ nìkan ni mo ń bá wí. Ẹ má yára. Ó pẹ́ tí àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé àwọn yóò kọ́ kíké Àlùkùránì nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, pé àwọn yóò lọ sí Háájì nígbà tí gbogbo nǹkan bá tò. Ogún ọdún ti kọjá. A fi ìmúra ṣe ibùsùn. Àwọn ọmọ yìí fẹ́ sáré máìlì mẹ́fà láìmúra; àwa kò tíì sáré máìlì kan. Èmi kò mọ̀ èwo nínú méjèèjì ni ó jìnnà jù sí ohun tí Ànábì ṣe ní Mẹ́dínà ní ọjọ́ eré ẹṣin yẹn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀.

Kútúbà Kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, a sì pe àwọn ọ̀dọ́ náà àti àwọn òbí wọn sí i. A kò kọ ìrìn-àjò wọn. Àbá tí a jọ fẹnu kò sí ni pé láti ọ̀la Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, wọn yóò máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Mọ́níyà, wọn yóò sì máa padà. Bí ara bá ti gbà á, wọn yóò máa fi díẹ̀ kún un ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá sì rí i pé ẹnìkan kò tíì lè tẹ̀síwájú, ìwọ̀n tirẹ̀ ni àwọn yòókù yóò fi rìn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọ̀yọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ lọ ní tòótọ́, nǹkan bíi 50 kìlómítà, wọn yóò sì sùn níbẹ̀ kí wọ́n tó padà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bọ̀ ní àlàáfíà ni a ó tó sọ̀rọ̀ Ìlọrin, a sì ti jọ gbà pé kò ní í jẹ́ ọjọ́ kan mọ́.

Dókítà wa nínú jámáà yìí ti gbà láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọkàn wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Alhaji kan tí kò fẹ́ kí á dárúkọ òun ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ tí yóò máa tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú omi, iyọ̀ àti oúnjẹ. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ méjì nínú tiwọn kò dára, kẹ̀kẹ́ kan sì ga ju ẹni tí ó ni ín lọ; ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí nínú wa, kí ó wá sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lẹ́yìn ìrun. A ó bẹ̀rẹ̀ sí gba owó kànga láti òní, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó di ìgbà tí wọ́n bá dé Ìlọrin. Omi tí àwọn ọmọ kéú ń mu kò lè dúró de ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Àdúà tí wọ́n wá tọrọ lọ́wọ́ wa, a óò ṣe é lọ́la ní Àsùbáà, kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Mọ́níyà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe é fún arìnrìn-àjò. Ẹ̀yin òbí wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wà níbẹ̀.

Ẹ dìde. Ẹ tò, kí ìlà yín gún.